Èéfín wo la fẹ́ dín kù, igbó wo la fẹ́ dá sí? Ètò ojú-ọjọ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdọọdún, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ máa ń jáde pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Préfet, ìyẹn olórí ẹkùn, á gbin igi kan, olórí kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, á gbin òmíràn, àwọn ọmọ ilé-ìwé á gbin èyí tó kù, wọ́n á ya fọ́tò, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ọdún 1985 ni Ọjọ́ Igi ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2013, ìjọba tún kéde ètò mílíọ̀nù mẹ́wàá igi fún mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn. Ká ní gbogbo ohun tí wọ́n ti gbìn láti ìgbà náà ló yè tó sì dàgbà ni, ẹni tó bá ń ti Kétu lọ sí Idigny ì bá máa rìn lábẹ́ òjìji láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin rẹ̀.

Igi gbígbìn kò burú. Ọdún kẹta ló le: ìgbà tí ẹran ọ̀sìn bá dé, tí iná ọyẹ́ bá jó kọjá, tí ọmọ onílẹ̀ bá ní òun fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ta ló ń ṣọ́ igi náà nígbà yẹn, kí ló sì ń rí jẹ níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni màá fi wo gbogbo ohun tí ìjọba ní nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ àti ààbò igbó ní agbègbè wa. Ètò kò wọ́n wa rárá. Ẹni tí ètò náà ń bọ́ ló wọ́n.

Ohun tí wọ́n ṣèlérí

Ní 2016 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ọwọ́ bọ Àdéhùn Paris. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, wọ́n ṣe òfin tirẹ̀ fún àyípadà ojú-ọjọ́, Òfin 2018-18, tó fún ìjọba àpapọ̀, àwọn kọ́múùnù, àwọn ilé-iṣẹ́ àti ará ìlú ní iṣẹ́ tí kálukú gbọ́dọ̀ ṣe. Àdéhùn Paris ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kọ ìwé ìlérí, kó sì máa tún un kọ láti ìgbà dé ìgbà. Èyí tí Bẹ̀nẹ̀ tún kọ ní 2021 sọ pé láàárín 2021 sí 2030, àpapọ̀ gáàsì tó ń mú ayé gbóná tí orílẹ̀-èdè yìí ń tú sáfẹ́fẹ́ yóò fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí iye tí ì bá jẹ́ ká ní wọ́n káwọ́ gbera.

Ẹ fara balẹ̀ ka gbólóhùn yẹn. Wọn ò sọ pé èéfín 2030 yóò kéré sí ti òní. Ó lè máa pọ̀ sí i. Ìlérí wọn ni pé kò ní pọ̀ tó bí ì bá ṣe pọ̀. Mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀tàn. Orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ìdílé rẹ̀ ṣì ń tan àtùpà lálẹ́ kò lè ṣe irú ìlérí tí Jámánì ń ṣe, ipa tí Bẹ̀nẹ̀ ní nínú ooru tó bo ayé sì kéré gan-an. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ará ìlú mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi ìdá 20 dún lórí rédíò bíi pé èéfín ti ń lọ sílẹ̀. Apá tó pọ̀ nínú ìlérí náà ló sì rọ̀ mọ́ owó tí yóò ti òkèèrè wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, IMF, àjọ ayánilówó àgbáyé, fọwọ́ sí owó tó tó nǹkan bí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ nìkan. Owó yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́, gbèsè ni.

Ibi tí èéfín wa ti ń jáde

Ẹni tó bá gbọ́ "gáàsì tó ń mú ayé gbóná" lè máa ro ilé-iṣẹ́ ńlá tí èéfín dúdú ń rú lórí rẹ̀. A ní ìwọ̀nba. Ní ẹkùn Plateau, ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì wà ní apá Onígbólò àti Massè, símẹ́ńtì sì ní ìṣòro tirẹ̀: òkúta ẹfun tí wọ́n ń yan fúnra rẹ̀ máa ń tú kábọ́ọ̀nù jáde, yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde nínú iná tí wọ́n fi ń yan án. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ilé-iṣẹ́ ṣúgà ti wà láti àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ọ̀nà àti ilẹ̀ ni èéfín wa ti ń wá. Nínú ohun tí à ń fi epo rọ̀bì ṣe, ọkọ̀ àti alùpùpù ló ṣíwájú. Nínú ohun tí à ń fi ilẹ̀ ṣe, igbó tí à ń ṣán, tí à ń sun, tí à ń sọ di èédú ni.

Tí a bá gé igi, tí omi inú rẹ̀ sì gbẹ tán, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Níwọ̀n ìgbà tí igi bá dúró, kábọ́ọ̀nù náà wà ní ìpamọ́. Tí a bá sun ún, ó padà sínú afẹ́fẹ́. Àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, FAO, ṣírò rẹ̀ pé igbó Bẹ̀nẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 4.8 hẹ́kítà ní 1990. Ní 2020, ó ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.1. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, tí ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ti di bàbá tàbí ìyá ọmọ, igbó tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ hẹ́kítà ti lọ. Ìdí nìyí tí ètò kankan tó bá sọ̀rọ̀ èéfín ní orílẹ̀-èdè yìí tí kò sọ̀rọ̀ igbó fi jẹ́ òfìfo.

Ta ni "ìjọba" nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ ara wọn nìyí. Bẹ̀nẹ̀ ní ẹkùn 12. Kétu wà ní Plateau, Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní Collines, Àjàṣẹ́ wà ní Ouémé. Olórí ẹkùn ni préfet, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń yàn án, ará ìlú kì í dìbò fún un. Ohun tí à ń dìbò fún ni ìgbìmọ̀ kọ́múùnù, láti ìgbà tí àwọn kọ́múùnù 77 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Òfin ìṣàkóso ìbílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àyíká lé kọ́múùnù lọ́wọ́: ìmọ́tótó, igi tí wọ́n ń gbìn ní ìlú, ìdáàbòbò ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ náà. Nígbà tí òfin tuntun jáde ní ìparí 2021, wọ́n tún mú akọ̀wé aláṣẹ (secrétaire exécutif) wá sí mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì kọ́múùnù, ẹni tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, olórí kọ́múùnù sì wá di aṣíwájú ìgbìmọ̀ ju alákòóso lọ.

Síbẹ̀, igbó ọba kò sí lọ́wọ́ kọ́múùnù. Òfin igbó ti 1993 pín igbó sí méjì: èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti fi ààlà sí láti ayé Faransé, àti èyí tó kù. Tàkọ́kọ́ wà lábẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Omi, Igbó àti Ọdẹ, tí ọ̀gá wọn wà ní Kútọ́nu. Wọ́n ní ìbọn, wọ́n ní aṣọ iṣẹ́, wọ́n sì lè mú èèyàn. Nítorí náà, tí agégi bá wọ igbó tó wà ní ilẹ̀ Kétu, olórí kọ́múùnù lè bínú títí, kò lè dá a dúró. Òṣìṣẹ́ igbó lè mú un, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa bá abúlé gbé ní ọ̀la. Baálé ló mọ orúkọ agégi náà àti ilé tí ìyá rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n òfin kò fún baálé ní nǹkan kan. Igi kan, ọwọ́ mẹ́ta, kò sí èyí tó dì í mú.

Kétu: igbó ìwé àti igbó orò

Apá ìwọ̀-oòrùn Kétu, níhà odò Wẹ̀mẹ̀, ni igbó ọba méjì wà, Dogo àti Kétu, tí wọ́n sábà máa ń pè pọ̀ ní Dogo-Kétou. Lórí àwòrán ilẹ̀, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn wọ́n. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò bá oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́, oko kajú, àti abúlé tí ó ní ilé-ìwé. Ìgbà tí Faransé ń fi ààlà sí ilẹ̀ náà, wọn ò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń dá oko níbẹ̀. Ọmọ ọmọ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni òfin ń pè ní afipágbàlẹ̀ lónìí.

Báńkì Àgbáyé ti ń fi owó sí irú àwọn igbó yìí fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ kan wà láti 2007, òmíràn tẹ̀ lé e láti 2019, èyí tí Dogo-Kétou wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á jókòó pẹ̀lú àwọn abúlé, wọ́n á pín igbó sí apá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, apá tí wọ́n á tún gbìn, àti apá tí àgbẹ̀ lè máa gbin oúnjẹ sí àárín igi kékeré títí igi náà fi máa ga. Fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, àgbẹ̀ ń ro koríko fún ara rẹ̀, ó sì ń ro ó fún igi. Mo rò pé ọgbọ́n gidi ni. Ìṣòro rẹ̀ máa ń yọjú nígbà tí òjìji igi bá bo àgbàdo mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí àgbẹ̀ kúrò nígbà yẹn, ṣùgbọ́n níbo ló ń lọ? Ibòmíràn nínú igbó náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, bí wọ́n ò bá dáná sun igi kékeré náà kí ilẹ̀ lè ṣí padà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ èédú, nítorí òun gan-an ni ojú ọgbẹ́. Ọkùnrin ló sábà ń gé igi, ayín àti apá ni wọ́n fẹ́ràn jù nítorí wọ́n le. Wọ́n á to igi náà jọ, wọ́n á fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á dáná sí i láti ihò kan, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru kí iná má bàa là. Tí ẹni tó ń sun ún bá mọṣẹ́, ọgọ́rùn-ún kílò igi lè mú ogún kílò èédú wá. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, mẹ́wàá ló máa rí. Èyí tó kù ti di èéfín nínú igbó, kí ìyàwó ilé kankan tó dáná. Àwọn obìnrin ló sábà ń rà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń kó o wọ Àjàṣẹ́ àti Kútọ́nu. Àwọn tó ń dáná ní ìlú ńlá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èéfín rẹ̀ kò pọ̀ nínú ilé, ó rọrùn láti gbé, wọ́n sì lè rà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Gáàsì ìdáná dára ju èédú lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa fún aláta rodo ní owó ìgò gáàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ìwé ìjọba kún fún ààrò tó ń dín èédú kù àti gáàsì fún ìdílé. Èyí dára, síbẹ̀ mo máa ń rò ó pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tó ń sun èédú, kí igi kan náà lè mú èédú tó pọ̀ sí i jáde, lè gba igbó là kíá ju gbogbo ìpolongo lọ. Àwọn ọkùnrin yẹn ni kò sẹ́ni tó fẹ́ bá jókòó, nítorí ọ̀daràn ni wọ́n lójú òfin.

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà ni igbó tí a kò fi ìwé ṣọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí ka igbó mímọ́ tó wà ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀, wọ́n rí 2,940, tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 18,360 hẹ́kítà. Igbó orò, igbó egúngún, igbó orísun omi, ibi ìsìnkú àwọn ọba. Ní ìpíndọ́gba, hẹ́kítà mẹ́fà péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí igbó ọba ti di oko, irú àwọn ibi kéékèèké yìí ló ṣì ní ìrókò tí ọkùnrin mẹ́ta kò lè na ọwọ́ yí ká, tí àwọn oníṣègùn sì ti ń rí ewé àti egbò tí wọn kò lè rí níbòmíràn. Ní ilẹ̀ Adakplamè, ní kọ́múùnù Kétu, igbó Ewè-Adakplamè wà tí àwọn onímọ̀ ewéko máa ń wá wò, nítorí ó jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji tó ṣẹ́ kù ní apá yìí.

Ó rọrùn láti sọ pé ẹ jẹ́ kí òrìṣà máa ṣọ́ gbogbo igbó. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣirò sí i: gbogbo igbó mímọ́ tí wọ́n kà yẹn kò tó ìdajì ohun tí orílẹ̀-èdè yìí ń pàdánù lọ́dún kan ṣoṣo. Tí ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù nìkan bá ni, wọn ò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ohun tí wọ́n fi ń wúlò ni pé wọ́n jẹ́ ibi tí irúgbìn ṣẹ́ kù sí, àti pé wọ́n fi hàn wá bí a ṣe ń ṣọ́ igbó: ààlà tí gbogbo ìlú mọ̀, èèwọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀, ẹni kan tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, àti ìyà tí kò gba ọ̀rọ̀ lọ Kútọ́nu kí wọ́n tó fi jẹni.

Ìjọba pàápàá ti rí èyí. Ètò kan tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti owó àyíká àgbáyé GEF ràn lọ́wọ́ ṣiṣẹ́ láti mú igbó mímọ́ wọ inú àwọn ilẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tó mọ igbó mímọ́, tó ní kí kọ́múùnù àti abúlé kọ ètò ìṣàkóso fún un, kí wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mo ń retí kí ẹnìkan dá mi lóhùn: àwọn ìwé yìí máa ń ní dandan ni kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀. Ta ló máa ṣojú obìnrin nínú ìgbìmọ̀ igbó tí obìnrin kò gbọdọ̀ wọ̀? Kì í ṣe àwàdà. Obìnrin ló ń ṣẹ́ igi ìdáná, obìnrin ló ń pọn omi ní orísun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó náà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní láti wá ọ̀nà tirẹ̀, bóyá ìgbìmọ̀ méjì, bóyá ààlà méjì, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ ní ọ́fíìsì kò lè yanjú ẹ̀.

Orò fúnra rẹ̀ kò sì ní agbára tó ní láyé Alákétu ìjọ́un. Ọmọ tó ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kò bẹ̀rù mọ́, owó ilẹ̀ ti gbówó lórí, igbó tó wà ní àárín ìlú sì ti di ibi tí gbogbo ojú ń wò. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e láti ẹ̀gbẹ́.

Àwọn darandaran náà ń bẹ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka apá àti ọ̀gánwó fún màlúù wọn, nítorí ewé ṣì wà lórí igi nígbà tí koríko bá ti gbẹ. Igi tí wọ́n ń ṣẹ́ ní ọdọọdún kì í so irúgbìn mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìjọba ka àwọn agbo ẹran tó ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wọlé léèwọ̀. Ìjà dín kù ní ibi kan, ṣùgbọ́n ààlà Kétu pẹ̀lú Nàìjíríà kì í ṣe ògiri.

Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá ń ti Ìdáàṣà bọ̀ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ yóò kọ́kọ́ rí àwọn òkè náà, òkúta yíyọ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Igi tó wà lára òkè ṣẹ́ kù nítorí kò sí bí ọkọ́ ṣe lè dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Igbó ọba Ouémé-Boukou wà ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ó lé ní 20,000 hẹ́kítà, ọ̀nà ọ̀dà tó lọ sí Parakou kò sì jìnnà sí àwọn tó ń sun èédú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà kún fún àpò èédú tí wọ́n fi ewé bò lórí, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró kó.

Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ gbà àlejò gan-an. Àwọn àgbẹ̀ láti Atacora, níbi tí ilẹ̀ ti rẹ̀, ti ń wá síbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń gbin iṣu àti òwú. Iṣu fẹ́ ilẹ̀ tuntun, ilẹ̀ tuntun sì túmọ̀ sí igi tí wọ́n á dáná yí ìdí rẹ̀ ká. Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló fún wọn nílẹ̀, àwọn kan nínú àwọn onílẹ̀ náà sì ń lò wọ́n láti ṣán igbó, kí wọ́n lè wá gbin kajú sórí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Kajú yìí ni ọ̀rọ̀ tuntun. Láti 2024 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi kajú tútù ránṣẹ́ sí òkèèrè mọ́, kí wọ́n lè máa ṣe é nílé, pàápàá ní Glo-Djigbé, níbi tí ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà. Ohun tó bá mú kí kajú níye lórí yóò mú kí àgbẹ̀ gbin sí i. Oko kajú dára ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ, ó ń tọ́jú kábọ́ọ̀nù díẹ̀, iná kì í tètè wọ inú rẹ̀ bí wọ́n bá ro ó. Kì í ṣe igbó ṣá. Igi irú kan ṣoṣo ni, ẹmì àti igbá tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe òrí àti irú kì í sí níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ìjọba bá sọ pé "ilẹ̀ tí igi bò" pọ̀ sí i ní Collines, ẹ béèrè irú igi wo.

Àjàṣẹ́: ọ̀sà, kpayo àti iná mànàmáná

Ní Àjàṣẹ́, tó ní èèyàn 264,320 nígbà ìkànìyàn 2013, igbó kọ́ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọgbà ewéko tó wà ní àárín ìlú, tí Faransé sọ di ọgbà ìdánwò ohun ọ̀gbìn ní 1895, jẹ́ apá igbó mímọ́ tẹ́lẹ̀, ìrókò rẹ̀ ṣì dúró. Omi ni ọ̀rọ̀ Àjàṣẹ́. Ọ̀sà náà, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Wẹ̀mẹ̀ ti wà lórí àkọsílẹ̀ Ramsar, àdéhùn àgbáyé fún ààbò ilẹ̀ olómi, láti ọdún 2000, nọ́ńbà 1018. Àdéhùn yẹn kò ní ọlọ́pàá. Ó kàn fún ìlú ní orúkọ tó lè fi wá owó. Ìkún omi 2010, tó kan kọ́múùnù 55 nínú 77, kọ́ gbogbo ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ rírọ̀ pé koríko àti ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń gba omi dúró. Tí a bá fi yẹ̀pẹ̀ dí wọn láti kọ́lé, omi á wá àyè mìíràn, yàrá ẹlòmíràn sì ni.

Ètò tí wọ́n pè ní Porto-Novo Ville Verte, tí àjọ ìdàgbàsókè Faransé AFD ń náwó sí, dá lé orí èyí: títún bèbè ọ̀sà ṣe, àwọn gbàgede, ọ̀nà omi, kí ìlú máa fi ojú-ọjọ́ ro gbogbo ohun tó bá ń kọ́. Èrò náà dára. Bí ó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ ló ń dun àwọn tó ń gbé níbẹ̀.

Èéfín tí à ń fi imú gbọ́ ní Àjàṣẹ́, ti zẹ̀míjàn, ìyẹn ọ̀kadà, ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, fi ń bọ́ alùpùpù wa, nítorí owó ìrànwọ́ tí ìjọba Àbújá ń san lórí epo. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí òfin kò lè ṣe láti ọdún yìí wá, ìpinnu kan ní Àbújá ṣe é: àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í wo alùpùpù iná mànàmáná tí ilé-iṣẹ́ Spiro ti kó wọlé láti 2022, tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ní ibùdó dípò kí wọ́n ra epo.

Ṣé èyí dín èéfín kù? Níbi tí wọ́n ti ń gùn ún, bẹ́ẹ̀ ni, etí wa náà sì sinmi. Níbi tí iná náà ti ń wá, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ iná Maria-Gléta tí wọ́n ṣí ní 2019, gáàsì ló ń jẹ jù, ó sì lágbára tó 127 mẹgawáàtì. Ibùdó iná oòrùn tí wọ́n ṣí ní Illoulofin, ní kọ́múùnù Pọ́bẹ̀ẹ́, ní 2022 jẹ́ 25 mẹgawáàtì, oòrùn sì ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí zẹ̀míjàn ń fẹ́ fi bátìrì sílẹ̀ láti gba tuntun. Illoulofin ni ohun tí mo lè nàka sí ní agbègbè wa tí kì í ṣe ìlérí. Ó dúró, ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan kò tó.

Ohun ńlá mìíràn tí ìwé ìjọba ń sọ ni ìdídò Dogo-bis lórí odò Wẹ̀mẹ̀, ní ilẹ̀ Kétu, 128 mẹgawáàtì. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà nínú ètò. Iná tí kò ní èéfín, omi fún oko, ìkún omi tí wọ́n á lè ká lọ́wọ́ kò fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò: gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Òtítọ́ náà ni pé odò tí wọ́n bá dí yóò tàn sórí ilẹ̀, igi àti koríko tó bá sì jẹrà sábẹ́ omi ń tú gáàsì mẹtéènì, tó ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po méjìdínlọ́gbọ̀n láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwé kan náà ló ń ṣèlérí láti dá igbó Dogo padà, tó sì ń ṣèlérí ìdídò ní Dogo. Àwọn méjèèjì lè ṣeé ṣe, bí wọ́n bá jókòó fi àwòrán ilẹ̀ kan náà ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, mi ò ní fi gùn. Òfin ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ láti ìparí 2017, ọjà Ouando sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òfin náà ṣe ń lọ. Ní 2018 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìjọba SGDS sílẹ̀ láti máa kó ìdọ̀tí ìlú márùn-ún ní agbègbè Nokoué, Àjàṣẹ́ wà nínú wọn, ó sì hàn pé àdúgbò mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó wù mí kí ìjọba wò dáadáa ni ibi tí kò jìnnà sí wọn rárá: Songhaï, oko ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985, ti ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí oko ṣe gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ tó di ohun tí wọ́n ń pèpàdé lé lórí.

Owó orí èédú

Mo ti béèrè níbẹ̀rẹ̀ pé kí ni ẹni tó ń ṣọ́ igi ń rí jẹ. Ẹ jẹ́ ká béèrè kan náà lọ́wọ́ kọ́múùnù. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí kọ́múùnù, èyí tí wọ́n ń pè ní FADeC tẹ́lẹ̀, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ọjà àti ọ̀nà ló ń gbé e lọ. Fún àyíká, àpò kan wà ní Kútọ́nu, FNEC, tí kọ́múùnù lè kọ̀wé sí láti tọrọ, kọ́múùnù tó bá sì ní òṣìṣẹ́ tó mọ ìwé ọ̀hún kọ ló máa ń rí i. Àmọ́ owó kan wà tí kò gba ìwé kíkọ: òfin owó orí gba kọ́múùnù láyè láti gbowó lórí ohun tó ń ti ilẹ̀ rẹ̀ jáde, igi àti èédú wà nínú rẹ̀. Bí àpò èédú tó ń jáde ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni owó tó ń wọ mẹ́rì ṣe ń pọ̀. Kọ́múùnù kan náà tí òfin ojú-ọjọ́ ní kó dáàbò bo igbó ni ìṣúná rẹ̀ ń jẹun lára igbó tó ń lọ. Mi ò bá olórí kọ́múùnù kankan jà lórí ìyẹn, báyìí ni wọ́n ṣe to òfin náà.

Ìjókòó ìgbìmọ̀ kọ́múùnù ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú lábẹ́ òfin, àfi bí wọ́n bá dìbò pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìwé ìdàgbàsókè kọ́múùnù máa ń ní ojú ewé tó pọ̀ lórí ojú-ọjọ́ nísinsìnyí, gbogbo ènìyàn ló lè kà á. Ìjókòó tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ ni èyí tí wọ́n ti ń ka owó tó wọlé àti owó tó jáde ní ọdún tó kọjá. Ìlà méjì péré ni kí ẹ ní kí wọ́n kà síta: iye tí wọ́n gbà lórí èédú àti igi, àti iye tí wọ́n ná padà sórí igbó.